Ọmọ Méjì, Ẹ̀yìn Kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má tatí were. Bí a bá wo òwe yìí fínnífínní, a ó rí i pé ẹkún kan ṣoṣo ni ó ní lọ́kàn. Kò sọ ohun tí abiyamọ yóò ṣe bí ẹkún méjì bá sọ lẹ́ẹ̀kan náà: ti ìkókó ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta tí ebi ń pa lórí ibùsùn, àti ti ọmọ oṣù 16 tí ó di etí ìró ìyá rẹ̀ mú, tí ó ń fẹ́ kí a gbé òun náà. Ẹ̀yìn kan ni ìyá ní. Èwo ni yóò pọ̀n?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìdáhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àgbà ni pé, "Dákẹ́ jàre, ìwọ kì í ṣe ọmọ kékeré mọ́, o ti di ẹ̀gbọ́n." Ó dùn ún gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ìwúrí. Ṣùgbọ́n inú gbólóhùn kékeré yìí gan-an ni ìnira ọmọ tí ó tètè ní àbúrò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a pè ní ẹ̀gbọ́n kò tíì kúrò ní ọmọ ọwọ́, oyè tí a fi dá a lọ́lá kò sì lè sọ ọ́ di àgbà.

Èdè Yorùbá mọ ipò ọmọ nínú ilé. Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ìyá rẹ̀, ohun tí èdè kọ́kọ́ ń béèrè kì í ṣe bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bí kò ṣe bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò. Àwọn ìbejì pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìlànà yìí: Kẹ́hìndé tí ó gbẹ̀yìn dé ni a kà sí ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní òun ni ó rán Táíwò wá tọ́ ayé wò. Ẹ̀tọ́ wà nínú ipò náà, nítorí ẹ̀gbọ́n ni ó ń kọ́kọ́ mú ẹran nínú abọ́. Ojúṣe náà wà níbẹ̀, nítorí bí àbúrò bá ṣubú, ẹ̀gbọ́n ni wọn yóò bá wí. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Kìkì pé ọjọ́ orí tí ọmọ fi ń di ẹ̀gbọ́n láyé àtijọ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí.

Láyé àwọn baba ńlá, èèwọ̀ ni kí obìnrin lóyún nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń mu ọmú. Ọmọ a máa mu ọmú fún nǹkan bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tọkọtaya a sì máa yẹra fún ara wọn títí a ó fi já ọmú lẹ́nu rẹ̀. Àṣà ìtakété yìí ni kókó ìwádìí tí John Caldwell àti Pat Caldwell ṣe láàárín àwọn Yorùbá, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1977. Àṣà náà ní àbùkù tirẹ̀. Ìkóbìnrinjọ wà lára ohun tí ó mú kí ó rọ ọkùnrin lọ́rùn. Síbẹ̀, èrè rẹ̀ hàn lára ọmọ. Kí àbúrò tó dé, ẹ̀gbọ́n ti ń sáré, ó ti lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ebi ń pa òun, ó sì ti mọ ọ̀nà yàrá ìyá àgbà. Oyè náà bá a mu. Agboolé sì kún fún ìyá ọkọ, ìyálé, ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ tí ó ti bàlágà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó.

Àwọn ẹ̀yà Ga ní ilẹ̀ Gánà náà mọ ewu tí ó wà nínú kí àbúrò tètè dé, wọ́n sì ní orúkọ fún un. Dókítà Cicely Williams, tí a bí ní Jàmáíkà, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí a ṣì ń pe ibẹ̀ ní Gold Coast. Ó rí àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn sì ń bó. Ní ọdún 1935, ó lo orúkọ tí àwọn Ga ń pe àìsàn náà nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet: kwashiorkor, èyíinì ni àìsàn tí ó ń ṣe ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. A ti gba ọmú lẹ́nu irú ọmọ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ àgbàdo lásán ni a sì fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, níbi tí ìgbàgbọ́ àtijọ́ kan ti ní ẹran àti ẹyin máa ń sọ ọmọdé di olè. Ọmọ tí ó pàdánù ọmú kò gbọdọ̀ pàdánù ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀pà pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gba obìnrin nímọ̀ràn pé kí ó jẹ́ kí oṣù 24, ó kéré tán, kọjá lẹ́yìn ìbímọ kí ó tó tún gbìyànjú láti lóyún. Ìmọ̀ òde òní àti èèwọ̀ àtijọ́ pàdé níbí.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti dé ti dé. Kò sí èrè nínú kí ará ilé máa bú ìyá pé ó kánjú. Òmíràn pẹ́ kí ó tó lọ́kọ, òmíràn fètò sí i ṣùgbọ́n ètò náà kò mú un, òmíràn sì mọ̀ọ́mọ̀ bí wọn léra kí ó lè tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ó kù ni bí àwọn ọmọ méjèèjì yóò ṣe rí ìtọ́jú.

Ẹ wo ìṣe ẹ̀gbọ́n kékeré yìí. Ó ti ń fi ife mu omi, ṣùgbọ́n ó tún ń béèrè ọmú. Ó ti ń fi ọwọ́ júwe bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ó tún ń tọ̀ sára. Ní ọjọ́ kan, ó gé àbúrò rẹ̀ jẹ. Àwọn àgbà a ní owú ń ṣe é, wọn a sì na ọwọ́ sí pàṣán. Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà kò tíì ní gbólóhùn tí yóò fi béèrè bóyá ààyè òun ṣì wà lára ìyá òun. Ẹ̀gba kì í dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń dáhùn rẹ̀ ni kí ìyá fi ọwọ́ kan gbá a mọ́ra nígbà tí ó bá ń fún ìkókó lọ́mú, tàbí kí ẹlòmíràn gba ìkókó kí ìyá lè gbé e jókòó sórí itan.

Àwọn kan yóò ní ìkẹ́ báyìí yóò bà á jẹ́, pé kékeré ni a ti ń kọ́ ọmọ ní ojúṣe. Òótọ́ ni pé a lè ní kí ó mú aṣọ ìdí wá, kí a sì yìn ín. Ṣùgbọ́n eré ni iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ fún un. A kò gbọdọ̀ fi ìkókó tì í láìsí àgbà nítòsí, kí a wá bá a wí bí nǹkan bá ṣe é. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.

Ọwọ́ tí ó tó pẹpẹ ni ti bàbá. Ọ̀já kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ọba tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14. Ìgbésẹ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n ìwé ìkéde rẹ̀ ní ẹnì kan kò lè gbà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì. Bàbá tí oṣù 16 péré wà láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ ni ilé nílò jù, òun gan-an ni ìlànà yìí yọ sílẹ̀. Bóyá èrò wọn ni láti mú kí àwọn ènìyàn fètò sọ́mọ bíbí. Àmọ́ ìkókó kọ́ ni ó ṣẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kò sì ṣẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe sọ ọmọbìnrin ilé tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama di ìyá kejì. Ìrànlọ́wọ́ yẹ ẹ́, ó sì yẹ ọmọkùnrin ilé bákan náà. Aṣọ ìdí kò kọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Bí gbogbo ọwọ́ bá pé, kò sí ọmọ tí yóò tètè di àgbà nítorí pé a bí òmíràn. Kí a máa pe ọmọ oṣù 16 náà ní ẹ̀gbọ́n, nítorí ẹ̀gbọ́n ni. Kí a sì máa pọ̀n ọ́n.