Ẹ Yé Purọ́ Mọ́ Ògún

Ẹ̀yin olùsìn Ògún, bí ọkọ̀ bá kọlu ọkọ̀ ní ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Gbàgádà, ẹ yé wí pé ẹ̀jẹ̀ ló wu Ògún. Ìṣirò ni. Ká ní ọkọ̀ akẹ́rù kílógíráàmù 9,000 ń sá mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi eré sọ ìwọ̀n di púpọ̀: ipá ìrìn rẹ̀ jẹ́ 90,000. Ó kọlu ọkọ̀ kílógíráàmù 1,000 tó dúró, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra. Ipá náà kò parẹ́. Ẹ fi 10,000 pín in: mítà 9. Eré mítà 1 péré ni akẹ́rù pàdánù. Ọkọ̀ kékeré gba mítà 9 lójijì. Òjijì yẹn ló ń pani. Ògún tó ni irin ló ni bíréèkì. Awakọ̀ tó fi ajá bọ Ògún, tí bíréèkì rẹ̀ kò mú, ta ló ń tàn?