Ọmú Ìyá Ní Òdiwọ̀n: Ẹ Jẹ́ Kí Ilé-Kéwú Kọ́ Àwọn Abiyamọ

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí kò yẹ nínú ìwé ilé-kéwú. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá ṣàdédé dẹ́kun wíwá sí kíláàsì, tí a bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìyá rẹ̀ tún ti bímọ, èyí tó wà nílẹ̀ kò sì tíì rìn dáadáa. Òun ló ń pọ̀n ọ́n kí ìyá lè lọ sí ọjà Boundary. Ọ̀kan nínú irú ìyá bẹ́ẹ̀ sọ fún wa pé: “Ààfáà, mo ṣì ń fọ́mọ lọ́mú nígbà tí oyún yìí dé. Ṣebí wọ́n ní ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í lóyún ni?” Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, kì í sì í ṣe òótọ́ pátápátá. Àárín méjèèjì ni ewu wà.

Àwọn baba wa mọ̀ pé oyún orí ọmọ kò dára. Láyé àtijọ́, obìnrin Yorùbá a máa fọ́mọ lọ́mú fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kò sì ní sún mọ́ ọkọ títí yóò fi gba ọmú lẹ́nu ọmọ. John àti Pat Caldwell gbé ìwádìí jáde lórí àṣà yìí ní 1977. Ní Ajegunle, níbi tí tọkọtaya àti ọmọ ti ń gbé yàrá kan, ta ni yóò pa á mọ́? Ìsìláàmù pẹ̀lú kò di ẹrù náà lé wa lórí. Nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ 233, Ọlọ́hun dárúkọ ọdún méjì gbáko fún ẹni tó bá fẹ́ fọ́mọ lọ́mú dópin, ṣùgbọ́n kò ní kí ọkọ má sún mọ́ aya rẹ̀. Hádíìsì Judámà ọmọ Wahbu, tí Imam Muslim gbà wá, sọ pé Ànábì ti ní in lọ́kàn láti kọ̀ fún ọkọ láti bá aya tó ń fọ́mọ lọ́mú sùn. Ó wá wo àwọn ará Róòmù àti Páṣíà, ó rí i pé wọ́n ń ṣe é, kò sì pa ọmọ wọn lára, kò bá kọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ kíyè sí i: ó wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dá ní ilẹ̀ mìíràn kó tó sọ̀rọ̀.

Irú wíwò bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ń pè ní ìwádìí. Ní 1988, àwọn onímọ̀ pàdé ní Bellagio ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n sì fẹnu kò pé ọmú ìyá lè dènà oyún ju ìdá 98 nínú 100 lọ bí àwọn àdéhùn kan bá pé. Àjọ Ìlera Àgbáyé wá tọ́pa abiyamọ 4,118 àti ọmọ wọn ní ibùdó méje káàkiri ayé. Ọ̀kan nínú wọn ni Ṣàgámù ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ọkọ̀ tó kẹ́rù jáde ní Apapa ń gbà kọjá lọ sí Ìbàdàn. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1998 àti 1999. Nínú 100 obìnrin tó ń fi ọmú bọ́ ọmọ bó ṣe yẹ, tí nǹkan oṣù wọn kò sì tíì padà, nǹkan bí ẹyọ kan ló lóyún láàárín oṣù mẹ́fà. Nígbà tó fi máa di oṣù 12, ó ti tó nǹkan bí méje. Bí ọmọ bá ń mu ọmú léraléra, ọpọlọ ìyá a máa gbọ́, a sì dá iṣẹ́ tó ń mú ẹyin gbó dúró. Bí mímu bá dín kù, iṣẹ́ náà a tún bẹ̀rẹ̀.

Àdéhùn náà mẹ́ta ni. Èkínní, ọmọ kò gbọdọ̀ tíì ju oṣù mẹ́fà lọ. Èkejì, nǹkan oṣù ìyá kò gbọdọ̀ tíì padà. Ẹ̀kẹta, ọmú nìkan, tàbí ohun tó sún mọ́ ọmú nìkan, ni kí ọmọ máa mu tọ̀sán-tòru, láìjẹ́ kó ju wákàtí mẹ́rin lọ ní ọ̀sán tàbí mẹ́fà ní òru. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ààbò ti yẹ̀ nìyẹn. Kí obìnrin má sì sọ pé òun yóò dúró kí nǹkan oṣù dé ná, nítorí ẹyin lè bọ́ kí nǹkan oṣù tó dé, pàápàá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ẹ wá wo àdúgbò wa. Ọmọ kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí ìyá àgbà ti ń rọ ọ́ ní agbo àti omi, nítorí ooru. Bẹ́ẹ̀ omi ló pọ̀ jù nínú ọmú. Ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní Nàìjíríà, 29 péré ni wọ́n ń fi ọmú nìkan bọ́. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ní Apapa a jáde ní ìdájí, a sì wọlé lálẹ́. Ọmọ ti mu ògì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òfin iṣẹ́ fún abiyamọ ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fọ́mọ lọ́mú, ṣùgbọ́n ìdajì wákàtí kò tó láti Wharf dé Ajegunle kí a tún padà. Ìyá yìí kò sí lára àwọn tí ọmú ń dáàbò bò. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Àwa gbà pé ilé-kéwú ló yẹ kó sọ ọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé a ti ń kọ́ àwọn obìnrin wa ní ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ ìbímọ àti nǹkan oṣù, nítorí ìrun àti ààwẹ̀. Obìnrin tó mọ ọjọ́ tí òun mọ́ àti ọjọ́ tí òun kò mọ́ ti ní ìdajì ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́. Kí a fi kún un pé ẹ̀jẹ̀ tó bá dé lẹ́yìn ọjọ́ 56 tí a ti bímọ ni àwọn oníṣègùn ń kà sí àmì pé ààbò ọmú ti tán. Ẹ̀kọ́ wákàtí kan ni, ní kíláàsì àwọn ìyá.

Àwọn kan yóò ní: “Ìwádìí òyìnbó? Ẹ rántí Kánò.” A rántí. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò níbẹ̀ nínú ìwádìí tó kó ọmọ 200 mọ́ra. Ọmọ 11 kú, márùn-ún nínú wọn lo Trovan. Àwọn òbí pariwo pé wọn kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni, ẹjọ́ dé kóòtù, ní 2009 ilé iṣẹ́ náà sì gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ẹ̀tọ́ ẹni ni kí wọ́n bi í léèrè kí wọ́n tó fi ara rẹ̀ dán nǹkan wò. Ṣùgbọ́n ní Ṣàgámù, ọmú ìyá ni wọ́n tọ́pa, wọn kò dán oògùn kankan wò.

Àwọn mìíràn yóò ní èèwọ̀ ni. Àwa náà kò sọ pé “ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ”; Ọlọ́hun ló ń pèsè. Ẹ̀tọ́ ọmọ tó wà lẹ́nu ọmú àti ìlera ìyá rẹ̀ là ń sọ. Jábìr gbà wá pé àwọn sàhábà ń dá omi síta nígbà tí Àlùkùránì ń sọ̀kalẹ̀. A mọ̀ pé ẹ̀gbàwá kan nínú hádíìsì Judámà bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí ohun tí a kò fẹ́, kì í ṣe èèwọ̀. Imam Ghazali náà gbà á láàyè. Ìfàlàfosílẹ̀ yàtọ̀ sí kí a gé ọmọ bíbí kúrò pátápátá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ ka àdéhùn mẹ́ta yìí bí ẹ ṣe ń ka rákà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì, ẹ sì sọ fún un pé ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, nítorí kì í ṣe gbogbo oògùn ló bá abiyamọ mu. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá wọn lọ. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé agbo sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́ ní Apapa, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní ìsinmi oṣù mẹ́fà fún ìbímọ méjì àkọ́kọ́ ní 2014. Ẹ wo àpẹẹrẹ yẹn. Ẹ̀yin ààfáà wa, bí wọ́n bá bi yín léèrè, ẹ má fi “èèwọ̀ ni” pa ẹnu abiyamọ dé.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ìyá wa ní àlàáfíà, kí Ó dá àwọn ọmọbìnrin wa padà sórí ẹní ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn. Àmín.