Ìwọ̀n Ọtí: Lọ́wọ́ Agbọ́tí àti Lójú Sinimá

Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Nítorí náà ni wọn kò ṣe fi ìwọ̀n ọtí sílẹ̀ fún ọ̀fun ẹni tí ń mu ún. Ní àwọn abúlé oko tó yí Ìbàdàn ká, bí akèrègbè emu bá dé àárín àwùjọ, ọ̀dọ́ kan ni yóò ṣe agbọ́tí. Òun ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ọkàn gbogbo ènìyàn lè balẹ̀, lẹ́yìn náà ni ahá yóò ti ọwọ́ àgbà bọ́ sí ọwọ́ àbúrò. Ahá kéré, ojú tí ń wò ó sì pọ̀.

Ọtí líle náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ, díẹ̀ ni a ń tọ́ wò nínú ṣìnáàpù tí a fi ṣàdúrà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ló pàṣẹ pé mílílítà 25 tàbí 35 ni kí ilé ọtí máa fi wọn jíìnì àti wisikí fún oníbàárà.

Sinimá kò mọ ìyẹn. Ọlọ́rọ̀ inú eré yóò da wisikí kún ife omi, yóò gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Kò lè pa á, nítorí omi aláwọ̀ tàbí tíì ni àwọn òṣèré sábà máa ń mu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ife tó gba mílílítà 200 bá kún fún ọtí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 40 nínú 100, ògidì ọtí inú rẹ̀ jẹ́ mílílítà 80. Ìgò bíà ńlá kan, mílílítà 600 tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100, kò ní ju 30 lọ. Ìgbémì kan yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgò bíà ńlá mẹ́ta.

Ọ̀dọ́ tó fi èyí ṣe ẹ̀kọ́ ni ọtí inú ọ̀rá wá bá. Ní 2018, àjọ NAFDAC àti àwọn tí ń ṣe ọtí fohùn ṣọ̀kan láti fòpin sí ọtí inú ọ̀rá àti inú ìgò tí kò tó mílílítà 200, kó tó di ìparí oṣù Kìn-ín-ní 2024. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn oníléeṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò pàdánù iṣẹ́, ìjọba sì fún wọn láyè di oṣù Kejìlá 2025. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní kí a má ṣe fi kún àyè náà mọ́.

Síbẹ̀, ìwọ̀n ọ̀rá kọ́ ni ẹ̀bi wà. Ọ̀rá mílílítà 30 kò ju èyí tí òfin Gẹ̀ẹ́sì yàn lọ. Agbọ́tí ló sọnù: ọ̀rá wọ àpò, kò sì sí ẹni tí yóò ka iye tí ọmọ fà mu. Bí òfin bá tilẹ̀ kó ọ̀rá kúrò lọ́jà, ìgò ńlá yóò ṣì wà, ife sinimá yóò sì ṣì kún. Ó yẹ kí olùkọ́ kọ ìṣirò yìí sójú pátákó, kí àwọn àgbà sì tún jókòó ti akèrègbè wọn.