Ẹ̀rọ Agbẹ́kànga Kọ́ La Fi Ń Yẹ Ilẹ̀ Olóró Wò

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn ibi tí wọ́n ti ń to àgbá epo kpayo (bẹntiróò fàyàwọ́) sí ní agbègbè Kétu ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ṣe dáadáa láti gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Àmọ́ ó ní kí ìjọba má wulẹ̀ náwó rẹpẹtẹ: kí wọ́n gba àwọn tó ń gbẹ́ forage (kànga ẹ̀rọ), kí wọ́n lu ihò mélòó kan, kí wọ́n sì bu erùpẹ̀ tó bá jáde lọ fún àyẹ̀wò. Èyí ni mo ta kò. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, wọn yóò mú ìwé wá fún wa pé ilẹ̀ mọ́, àwa yóò sì máa mu májèlé lọ.

Epo bẹntiróò kì í dúró síbi tó dà sí. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa wọ ilẹ̀ pupa wa yìí lọ títí yóò fi kan omi, orí omi náà ni yóò sì máa léfòó sí. Benzene tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, kì í pẹ́ fò lọ tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i. Ẹ wá wo bí ẹ̀rọ agbẹ́kànga ṣe ń ṣiṣẹ́. Atẹ́gùn líle tàbí omi ẹrẹ̀ ni wọ́n fi ń ti erùpẹ̀ jáde nínú ihò. Atẹ́gùn á gbá benzene lọ, omi ẹrẹ̀ á ṣan epo dànù, erùpẹ̀ mítà méjì á sì dà pọ̀ mọ́ ti mítà mẹ́jọ, débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí èyíkéyìí ti wá. N kò bá àwọn oníforage jà. Omi ni iṣẹ́ wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ihò náà fúnra rẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ Kétu jìn, gbogbo wa la mọ ìyà tí ìyá wa jẹ kí omi tó dénú ìkòkò. Ilẹ̀ tó nípọn tó wà lórí omi yẹn ló ń dáàbò bò ó. Bí a bá lu ihò gba inú ilẹ̀ tí epo ti mu yó, tí a sì fi í sílẹ̀ ní yíyà, a ti la ọ̀nà fún epo náà. Dandan ni kí wọ́n fi amọ̀ bentonite tàbí sìmẹ́ńtì dí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni tó bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, kó wo ilẹ̀ Ògóni ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2011, UNEP, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé ìròyìn jáde lórí ibẹ̀. Ihò 780 ni wọ́n ti gba erùpẹ̀, wọ́n sì lu kànga 142 láti yẹ omi abẹ́ ilẹ̀ wò. Níbi mọ́kàndínláàádọ́ta, epo ti wọlẹ̀ tó mítà 5, ó kéré tán. Àwọn kan ti ń fọkàn tán amọ̀ ilẹ̀ náà pé kò ní jẹ́ kí epo dé ìsàlẹ̀. UNEP rí i pé amọ̀ náà kò tẹ́ kárí. Àwọn ibì kan wà tí ojú ilẹ̀ wọn kò fi nǹkan kan hàn, tí abẹ́ rẹ̀ sì ti bà jẹ́ gidigidi. Ní Nisisioken Ogale, epo tí wọ́n ti fọ̀, irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú ọkọ̀, ló léfòó sórí omi abẹ́ ilẹ̀, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Benzene tó wà nínú omi kànga tí wọ́n ń mu níbẹ̀ fi ìlọ́po 900 ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀. Ṣé ẹni tó bu erùpẹ̀ ojú ilẹ̀ nìkan ì bá rí gbogbo èyí?

Ọ̀rọ̀ owó tí òǹkọ̀wé yín sọ kò sì fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Irin alọ́ tí a ń fọwọ́ yí, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní tarière, kò wọ́n. Tí òjò bá ti mú ilẹ̀ pupa rọ̀, àwọn géńdé mélòó kan lè fi í wọlẹ̀ dé mítà mélòó kan, kí wọ́n sì máa gba erùpẹ̀ ní ìpele ìpele. Ibi tí òkúta pupa bá ti dí i lọ́nà ló tó kan ẹ̀rọ: èyí tí irin alọ́ rẹ̀ ní ihò láàárín, tó ń di ògiri mú kí erùpẹ̀ òkè má ya wọlẹ̀ nígbà tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ń gba inú rẹ̀ lọ mú ti ìsàlẹ̀ wá; tàbí èyí tó ń gbá ọ̀pá irin tó ní ike nínú wọlẹ̀ láìyí i, tí erùpẹ̀ á fi jáde bó ṣe tò. Kí wọ́n fọ irin láàárín ihò kan sí èkejì. Kí erùpẹ̀ wọ ìgò tó dé pinpin lójú ẹsẹ̀, kí ìgò sì wà nínú yìnyín títí dé ibi àyẹ̀wò; ọ̀rá láílọ́ọ̀nù kò lè pa benzene mọ́.

Ti oògùn oko òwú yàtọ̀ sí ti epo. Endosulfan, tó pa èèyàn ní Borgou, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, ní 1999, máa ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ òkè ni, ṣọ́bìrì àti tarière sì tó o. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká kọ́kọ́ béèrè irú oró tí à ń wá, ká tó béèrè irin tí a ó fi wá a.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ABE, àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká ní Bẹ̀nẹ̀, àti lọ́wọ́ mérì wa ni pé kí àdéhùn tí wọ́n bá bá agbaṣẹ́ṣe ṣe sọ irú ìlulẹ̀ tí yóò lò, bí ihò yóò ti jìn tó, àti ohun tí yóò fi dí i. Kí àbájáde ihò kọ̀ọ̀kan wà lára ògiri ilé mérì, pẹ̀lú orúkọ ibi tí wọ́n ti lu ú, níbi tí ẹnikẹ́ni tó ní kànga nítòsí ti lè kà á.

Òǹkàwé yín,
Kétu