Ariwo Òru Nínú Abọ́ Omi Alága

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí ariwo náà jí mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó kọjá. Mo kọ́kọ́ rò pé jẹnẹrétọ̀ ilé ẹ̀gbẹ́ wa ni, nítorí pé ẹni tí ó bá ń gbé ní Festac kì í pẹ́ kí etí rẹ̀ tó mọ ohùn jẹnẹrétọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n iná wà ní òru ọjọ́ náà, gbogbo jẹnẹrétọ̀ sì ti dákẹ́. Inú ilé ìdáná tiwa gan-an ni nǹkan ti ń dún: gìrìrìrì, á dákẹ́ díẹ̀, á tún fi gìrìrìrì dáhùn, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Nígbà tí mo máa fi dé ibẹ̀, Màmá mi ti ṣáájú mi. Wọ́n dúró ti ògiri, ọwọ́ wọn ti wà lára súwíìṣì.

"Ẹ̀rọ ológbò yìí kò ní í lé mi kúrò nílé mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì pa á.

Ká ní rédíò ni, ǹ bá ti padà lọ sùn. Ẹ̀rọ tí Alága fi ń mu omi ni.

Alága ni a ń pe ológbò wa, nítorí pé ìrìn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti alága ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ń bọ̀ wá ṣí gọ́tà tuntun. Akọ ni, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní ọdún tí ó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú àwo iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́, á lóṣòó, á fún ara rẹ̀ pọ̀, á sì jáde láìsí nǹkan kan. Mo rò pé ìgbẹ́ ni kò rí yà, mo sì fi odindi ọjọ́ kan ṣòfò lórí èrò yẹn. Ìtọ̀ ni kò rí tọ̀. Ọ̀nà ìtọ̀ akọ ológbò tínrín púpọ̀. Bí ìtọ̀ bá ki jù, tí ohun tí ó dì nínú rẹ̀ bí iyanrìn sì dí ọ̀nà náà, ìdọ̀tí tí ó yẹ kí kíndìnrín tú jáde yóò máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹranko náà sì lè kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Dókítà ẹranko tí ó gbà á sílẹ̀ sọ fún mi pé bí mo bá tún fi ilẹ̀ ọjọ́ kan mọ́ ọn, òkú ni ǹ bá gbé wá. Ìmọ̀ràn tí ó fi sìn wá sílé kò ju ọ̀kan lọ: kí ó máa mu omi.

Ó rọrùn láti sọ. Àwọn ológbò ìgbẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ ti Àríwá Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn ni ológbò ilé ti ṣẹ̀ wá, ara ẹran tí wọ́n bá pa ni àwọn yẹn sì ti ń rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi wọn. Nítorí náà, òùngbẹ kì í tètè gbẹ ológbò. Nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ara eku ni ó jẹ́ omi, ṣùgbọ́n nínú oúnjẹ gbígbẹ tí à ń rà nínú àpò, omi kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ológbò tí ó wọn kílò 4 nílò nǹkan bí mìlílítà 200 omi lóòjọ́, èyí tí kò tó ìdajì omi inú ọ̀rá kan. Alága kì í mu ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ bí a bá gbé e kalẹ̀ nínú abọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni ṣí ẹ̀rọ omi báyìí, á sáré dé. Ọ̀pọ̀ ológbò ni ó fẹ́ràn omi tí ń ṣàn. Irú ológbò bẹ́ẹ̀, Buckwheat ni orúkọ rẹ̀, ni ó mú kí Mary Burns, dókítà ẹranko kan ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ Drinkwell, kí omi lè máa ṣàn yípo fún un. Tiwa kò lórúkọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, omi inú ẹ̀rọ náà wà bí Màmá ṣe pa á sí. Alága jókòó níwájú rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Àwo iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Èmi àti Màmá wá ṣe àdéhùn: bí mo bá lè mú kí ẹ̀rọ náà dákẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn kò ní í fọwọ́ kan súwíìṣì mọ́, bí n kò bá lè ṣe é, pípa ni yóò máa wà láti aago mẹ́wàá alẹ́. Mo mọ ohun tí ó ń bà wọ́n nínú jẹ́. Àgbàlagbà obìnrin tí ń gbé lókè ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé kí ni à ń lọ̀ lóru, àwọn kan ládùúgbò wa kò sì tíì yé wo ológbò bí ẹni wo àjẹ́.

Kò sí ìjìnlẹ̀ kan nínú ẹ̀rọ yìí. Pọ́ǹpù kékeré kan, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ni ó rì sínú omi. Abẹ̀bẹ̀ kóńkó kan tí òòfà wà lára rẹ̀ ń yí nínú rẹ̀, ó sì ń ti omi gòkè. Omi yìí kan náà ni ó ń mú un tutù, òun náà ni ó dúró bí epo tí ó ń mú un yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí pọ́ǹpù bá ń pariwo, ó sábà máa ń jẹ́ pé omi kò tó o, tàbí pé nǹkan kan há sí i.

Mo yọ ọ́ kúrò lára iná kí n tó ti ọwọ́ bọ omi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fo èyí. Omi ni mo kọ́kọ́ wò. Ooru Èkó ń fà á gbẹ, Alága náà ń mu ún, bí ó bá sì ti lọ sílẹ̀ dé ẹnu pọ́ǹpù, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù yóò máa fà. Mo bu omi kún un. Ariwo náà rọlẹ̀ díẹ̀, kò lọ. Mo dá pọ́ǹpù náà ní ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ omi, mo mì í, afẹ́fẹ́ sì ru jáde pùtù pùtù. Èyí wọ́pọ̀ nílé wa, nítorí pé nígbàkígbà tí iná bá lọ, omi á ṣàn padà wálẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba ipò rẹ̀. Síbẹ̀, ariwo kò tán. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé gbogbo ẹ̀rọ náà kúrò nílẹ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí tiyín bá dákẹ́ sí yín lọ́wọ́, a jẹ́ pé táìsì ilẹ̀ ni ó ń bá a kọrin. Aṣọ ìnura tí a ṣẹ́ po sábẹ́ rẹ̀ ti tó. Tiwa kò dákẹ́.

Ó wá ku inú pọ́ǹpù. Èékánná lásán ni a fi ń ṣí ìdérí rẹ̀. Òòfà ni ó di abẹ̀bẹ̀ náà mú. Bí ẹ bá fà á díẹ̀, á jáde. Irun Alága ti wé mọ́ ọn bí òwú ṣe ń wé mọ́ ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, èyí kò sì yà mí lẹ́nu. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni ẹrẹ̀ pupa tí ó tò sí ìdí ihò náà, tí ó ń yọ̀ bí ewédú àná, tí àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti irin tí ó ti dógùn-ún.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di ti àdúgbò wa. Àwọn tí wọ́n kọ́ Festac sílẹ̀ de àjọ̀dún FESTAC '77, èyí tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 1977, fi páìpù omi sínú àwọn ilé náà. Lónìí, kànga ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ilé ní Amuwo-Ọ̀dọ̀fin gbójú lé. Omi kànga tiwa a máa mọ́ gaara nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á. Ẹ gbé garawa kan sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ìdí rẹ̀ á ti pọ́n. Irin ni. Inú ilẹ̀ ni ó ti yọ́ mọ́ omi, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ojú kò sì lè rí i níbẹ̀. Ìgbà tí ó bá pàdé afẹ́fẹ́ ni ó ń yí padà, tí ó sì ń rọ̀ sílẹ̀ bí ẹrẹ̀. Kí wá ni iṣẹ́ ẹ̀rọ tí mo rà? Kí ó máa gbé omi sókè, kí ó máa dà á sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí i tọ̀sán-tòru. Èmi ni mo ra ohun tí ń sọ omi wa di ẹrẹ̀ irin, èmi náà ni mo sì ń bi í léèrè ohun tí ó há a lọ́fun. Ìwé tí ó bá a wá sọ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni kí a máa fọ pọ́ǹpù. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò tíì fọ aṣọ funfun ní ilé wa rí.

Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, nítorí pé kíkan rẹ̀ máa ń ká irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀. Ó ká a lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ológbò kórìíra òórùn ọsàn. Alága súnmọ́ ọn, ó gbọn ẹsẹ̀ kan bí ẹni tí ó tẹ ẹrẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe pẹ̀lú fínígà àti omi, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha inú ihò náà, mo fi igi olówùú tí a fi ń nu etí nu ìdí rẹ̀, mo sì ṣàn án títí òórùn fi tán. Mo fi asẹ́ tuntun sí i, lẹ́yìn tí mo ti rẹ ẹ́ sínú omi, nítorí pé asẹ́ gbígbẹ kún fún afẹ́fẹ́, èédú inú rẹ̀ a sì máa tú dúdú jáde.

Mo tò ó padà, mo tan iná. Ariwo náà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tí ń tún fóònù ṣe lápá Agboju. Ó fi í sí etí, ó ní, "Àǹtí, ẹ lọ ra òmíràn." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ìgbà tí mo padà dé ilé ni mo rí nǹkan dúdú kan lẹ́nu ihò ibi tí a ti ń fọ abọ́, kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ. Rọ́bà tí ọ̀pá àárín abẹ̀bẹ̀ náà máa ń jókòó lé ni. Ó ti jábọ́ nígbà tí mo ń ṣàn án, ọ̀pá náà sì wá ń gbá ara rẹ̀ mọ́ ògiri pọ́ǹpù. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ dán iṣẹ́ yìí wò, ẹ kọ́kọ́ fi nǹkan dí ihò ibi ìfọbọ́ pa.

Mo dá rọ́bà náà padà sí àyè rẹ̀. Ohun tí ó kù tí mo ń gbọ́ kò ju omi tí ń rọra kán lọ. Láti ìgbà náà, omi inú ọ̀rá ni mò ń dà sí i, tàbí omi kànga tí ó ti sùn nínú garawa, tí mo rọra bu òkè rẹ̀ láìru ìsàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo fi fífọ pọ́ǹpù sí. Mo sì gbé abọ́ amọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí àwọn ìgbà tí iná kò bá sí.

Ní òru Ọjọ́rú náà, mo gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá ní ilé ìdáná. Mo sáré dìde, mo rò pé súwíìṣì ni wọ́n tún ń lọ bá. Wọ́n dúró nínú òkùnkùn, wọ́n fi iná fóònù wọn tan ilẹ̀.

"N kò gbọ́ ọ mọ́," ni wọ́n wí. "Mo ní kí n wá wò ó bóyá ó ti kú."

N kò mọ èwo ni wọ́n ń sọ, ẹ̀rọ ni tàbí ológbò. Alága ti tẹ orí ba, ahọ́n rẹ̀ ń lá omi náà pẹ́lẹ́-pẹ́lẹ́, kò sì wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, iyẹ̀pẹ̀ tútù tí ó ti dì ní ọ̀nà mẹ́ta ni mo kó kúrò nínú àwo rẹ̀.