Ọjà Nìkan Kò Lè Gbé Iná Oòrùn Dé Ilé Tálákà

Àwọn kan máa ń sọ pé ọjà ni yóò gbà wá lọ́wọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ní bí sólà bá ti ń dínwó, tí epo bẹntiróòlù sì ń wọ́n, kálukú yóò ra tirẹ̀, kò sí ohun tí ó kan ìjọba níbẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Kí ló gbé sólà dé orí òrùlé ní Mọ́níyà? Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ kọjá 480 náírà láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná mànàmáná àwọn tí wọ́n wà ní Band A fò láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 náírà fún yúnìtì kan. Ìgbà náà ni àwọn tí ó rí owó ná sáré lọ ra sólà. Ṣé ọjà ló pàṣẹ wọ̀nyí? Ìjọba ni! Ọjà kàn tẹ̀lé e ni.

Sólà pàápàá kò ṣàdédé dínwó. Ní ọdún 2000, ìjọba Jámánì ṣòfin pé ẹni tí ó bá fi oòrùn ṣe iná yóò máa gba iye kan pàtó lórí rẹ̀ fún 20 ọdún. Ìjọba Ṣáínà náà ran àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe sólà lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́pọ̀ sí i ni iye rẹ̀ ń wálẹ̀.

Ta wá ni ọjà gbàgbé? Ìyá tí ń lọ ata ni, àti àwọn tí ń lọ ẹ̀gẹ́ fún gàrí ní àwọn abúlé Akínyẹlé. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ra epo, nítorí ibẹ̀ ni agbára wọn mọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta sólà sì ń béèrè gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olówó á san lẹ́ẹ̀kan, á bọ́. Tálákà ń san lójoojúmọ́, kò bọ́.

Ẹ lè sọ pé ìjọba kan náà ni kò fún wa ní iná tí ó dúró. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n agbára tí ó sọ epo di ọ̀wọ́n lọ́jọ́ kan lè sọ sólà di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà. Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti ṣètò iná tirẹ̀. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lówó, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń san owó epo. Kí wọ́n sì máa yẹ bátìrì wò, kí ayédèrú má baà jẹ owó ẹni tí kò ní òmíràn.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ọjà máa tà, ṣùgbọ́n kí ìjọba la ọ̀nà tí tálákà yóò gbà dé ìsọ̀. Oòrùn kò yan ilé olówó ràn.