Ìkúnlẹ̀ Abiyamọ Kì Í Ṣe Ọjà Kùtà

Bí obìnrin bá ti ìsọ̀ pa fún oṣù mẹ́fà nítorí pé ẹnikẹ́ni kò rà, a ó ní ọjà rẹ̀ kùtà. Bó bá tì í nítorí pé ó bímọ ńkọ́? A ó kí i kú ewu ọmọ, a ó sì gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún un. Nǹkan méjì tí a kì í pè ní orúkọ kan náà yìí ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dà pọ̀ lọ́dún 2020, tí ọ̀rọ̀ fi dé ilé ẹjọ́. Ẹjọ́ náà ti parí, àmọ́ inú ṣì ń bí mi sí i.

Nígbà kónílé-ó-gbélé àrùn Kòrónà, ìjọba ibẹ̀ gbé owó ìrànwọ́ kalẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àdáni: onídìrí, aránṣọ, awakọ̀ takisí àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsanwó àkọ́kọ́ jẹ́ ìdá 80 nínú 100 èrè ẹni fún oṣù mẹ́ta, kò sì gbọdọ̀ ju £7,500 lọ. Báwo ni wọ́n ṣe mọ èrè ẹni? Wọ́n wo ìwé owó orí ọdún mẹ́ta, láti oṣù kẹrin 2016 sí oṣù kẹrin 2019, wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì pín in sí mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí a fi onídìrí kan ní Peckham ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ká ní ó jèrè £18,000 lọ́dún kìíní àti lọ́dún kejì, ó wá bímọ lọ́dún kẹta, èrè rẹ̀ sì já wá sí £6,000. Lójú ìjọba, £14,000 ni èrè rẹ̀ lọ́dún kan, £2,800 ni yóò sì gbà fún oṣù mẹ́ta. Ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, tó ń jèrè £18,000 lọ́dọọdún nítorí pé kò bímọ, yóò gba £3,600. Owó ìbímọ tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń san fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ kì í sì í wọ ìwé owó orí, kò lè dí àlàfo náà.

Nígbà tí wọ́n bi Rishi Sunak, tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà, ó ní oríṣiríṣi nǹkan ló ń mú kí owó tó ń wọlé fún èèyàn lọ sókè sódò, ó sì ka ìbímọ mọ́ àìsàn. Ẹgbẹ́ Pregnant Then Screwed, tí Joeli Brearley dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, kò gbà. Wọ́n ní nǹkan bí 75,000 ìyá ló kàn, wọ́n sì pe ìjọba lẹ́jọ́.

Ní oṣù kejì 2021, ilé ẹjọ́ gíga da ẹjọ́ wọn nù. Wọ́n gba ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, àwọn adájọ́ ibẹ̀ gbà pé lóòótọ́, ètò náà dẹ́yẹ sí àwọn obìnrin lọ́nà àbùjá. Àmọ́ wọ́n tún ní ìjọba ní àwíjàre: ìlú wà nínú wàhálà, owó gbọ́dọ̀ tètè jáde, ètò tó rọrùn ni wọ́n sì nílò.

Mo gba ti kánjúkánjú. Ta ni kò rí ohun tí ojú rí lọ́dún yẹn? Ohun tí n kò lè gbà ni pé kò ṣeé ṣe. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi ìbímọ dé, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ní kó jókòó sílé, owó oṣù rẹ̀ gangan ni ìjọba ní kí wọ́n fi ṣírò tirẹ̀, kì í ṣe owó ìsinmi. Ní oṣù kẹfà 2020, ìjọba kan náà ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn òṣìṣẹ́ àdáni kan tí ọmọ títọ́ ti mú kí wọ́n pàdánù àǹfààní àtigba ìrànwọ́ náà rárá. Nítorí náà wọ́n mọ bí a ṣe ń béèrè bóyá ènìyàn bímọ. Nígbà tó kan iye owó ni wọn kò béèrè mọ́.

Àwọn kan yóò ní kí ni wọ́n rí nínú ẹjọ́ tí wọ́n pàdánù. Èmi ò rò pé òfo ni. Ìjọba tó ń sọ pé òun kò dẹ́yẹ sí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ọ lẹ́nu adájọ́ báyìí pé òun ṣe é, ó sì ti di àkọsílẹ̀ tí agbẹjọ́rò mìíràn lè gbé dìde lọ́la.

Mo ń ka gbogbo èyí, ọkàn mi ń lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Aránṣọ ni wọ́n, ní Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bí àbúrò mi ni wọ́n ti padà sídìí máṣìn, ọmọ wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Abala 54 òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà fún obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, bó bá sì ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, ó kéré tán wọ́n gbọ́dọ̀ san ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Àwọn ìyá mi ni ọ̀gá ara wọn. Ta ni wọn ì bá pè lẹ́jọ́?